Amọ̀ Tí N Kò Pààrọ̀

Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti pààrọ̀ amọ̀ inú ìkòkò Ìyá Ráfíátù. N kò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ irọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Ọwọ́ mi ni, bírò mi ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa ka ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ mọ èyí kó tó gbọ́ nípa òtútù àti ìdánìkanwà ilẹ̀ òkèèrè, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi òtútù, àánú mi á ṣe yín, èmi náà á sì jókòó sínú àánú yẹn bí ẹni tó ń yáná.

Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí. Mo ka ìwé dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n ìdánwò àṣejáde já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo wá rí ni iṣẹ́ Dókítà. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Olùkọ́ yunifásítì ni, obìnrin kúkúrú kan tó ń gbé ní Àkùngbá, tó máa ń wọ bàtà rọ́bà bọ́ sínú ẹrẹ̀ kí àwa tó gbà síṣẹ́ tó ká ṣòkòtò sókè. Ohun tó ń wá ni bí ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ ṣe lè fi amọ̀ yọ òògùn kòkó kúrò nínú omi kànga.

Òògùn àtijọ́ ni mo ń wí, èyí tí àwọn baba wa ń fín sára igi kòkó. Irú òògùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà. Ó lè wọlẹ̀ nígbà tí bàbá ẹni wà lọ́mọdé, kó sì wà níbẹ̀ títí ọmọ ẹni á fi gbéyàwó. Èèyàn lè se omi náà títí tí yóò fi hó, òògùn kò ní kúrò níbẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Omi á mọ́ gaara nínú ife, òun á sì wà níbẹ̀.

Ọ̀kà ni a ti ń wa amọ̀, nísàlẹ̀ òkè, níbi tí omi òjò ti máa ń dúró. A ó gbé e lọ sí Àkùngbá, a ó pò ó mọ́ èèpo èkùrọ́ tí a ti sun di èédú tí a sì gún kúnná. Ìyẹ̀fun funfun kan tún wà tí Dókítà nìkan máa ń wọ̀n sí i. A ó sun gbogbo rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, a ó wá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bíi gàrí tí kò kúnná. Èyí ni a ń rọ sínú ìkòkò ńlá tí a dá ihò sí nídìí. Tí a bá da omi sí i lókè, omi á máa gba àárín amọ̀ náà kán sínú ìkòkò kejì tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni a ó ti máa bù ú mu. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé amọ̀ yẹn ní ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí, inú ihò wọ̀nyẹn ni òògùn máa ń há sí. Ṣùgbọ́n ihò máa ń kún. Tó bá ti pé oṣù méjì, kí á kó amọ̀ àtijọ́ jáde, kí á rọ tuntun sí i, kí á sì kó èyí tó ti lò padà sí Àkùngbá fún un kó bò ó mọ́ inú kòtò tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Kí á tún bu omi sínú ìgò kan láti inú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí á kọ orúkọ onílé sí i lára, kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè sọ ohun tó kù nínú omi náà. Iṣẹ́ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé mọ́kànlá ní Ìkàrẹ́, àpò amọ̀, ìgò, àti ìwé kan tí mo ń kọ nǹkan sí.

Ilé Ìyá Ráfíátù ni mo ń gbé. Opó ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú kó tó kú. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń wá yàrá, ó ní yàrá Ráfíátù ṣófo láti ìgbà tó ti relé ọkọ, kí n kó ẹrù mi wọlé, bí n kò bá kórìíra kí àkùkọ máa jí mi. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kànga rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn kànga náà ni ìpìlẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí kan wà tí oníṣòwò àtijọ́ kan tó ń ra kòkó máa ń kó àgbá òògùn sí. Àwọn àgbá náà ti dípẹtà, wọ́n ti jò tán kí wọ́n tó bí mi. Nínú kànga mọ́kọ̀ọ̀kànlá, tirẹ̀ ló burú jù.

Ẹni tí kò bá dàgbà lọ́dọ̀ wa lè má mọ ohun tí ìkòkò omi jẹ́ fún obìnrin tó ti dàgbà. Ìkòkò tuntun máa ń fi òórùn amọ̀ àti èéfín sínú omi. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan kí omi inú rẹ̀ tó dùn, bó bá sì ti ń pẹ́ sí i ló ń tutù sí i. Obìnrin máa ń jogún ìkòkò omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìkòkò tó ti gbó ni ìkòkò.

Mo pààrọ̀ amọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Ìyá kò sì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan torí omi náà ń rùn bí èéfín. Nígbà kejì, òjò ti pa mí láti Àkùngbá, àpò amọ̀ ti fa omi, ó wúwo bí òkú. Mo bá Ìyá níwájú ìkòkò, ó ń nù ún.

"Kí lo tún fẹ́ ṣe sí i?"

Mo ní mo fẹ́ pààrọ̀ amọ̀ inú rẹ̀.

"Nígbà tí omi ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn? Ọmọ Ọ̀kà, ṣé ẹ kì í ní ìkòkò nílé yín ni, àbí ọwọ́ lẹ fi ń bu omi mu lórí òkè yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ihò tó ń kún, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yé èmi gan-an, mo kàn ń sọ ohun tí Dókítà sọ ni. Ìyá bu omi náà fún mi. Ó tutù, ó dùn. Ó ní kí n gbé àpò mi fún àwọn tí omi wọn kò tíì dùn, kí n wá jókòó jẹun, iyán ti ń tutù. Mo wo àpò yẹn, mo wo iyán. Èèyàn ń jẹ oúnjẹ ìyá yìí, ó ń sùn sílé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ bá a jà sí lórí ìkòkò rẹ̀? Mo jókòó, mo jẹun. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró, ọ̀lẹ ọmọ ni wọn ì bá pè mí, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò wà. Mo mọ̀ pé tí mo bá bu omi ìkòkò Ìyá sínú ìgò, ẹ̀rọ Dókítà á tú mi fó. Mo lọ sí ilé tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, lópòópónà kejì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ amọ̀ tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bu ìgò méjì níbẹ̀. Mo kọ orúkọ tísà sára ọ̀kan, mo kọ ti Ìyá Ráfíátù sára èkejì. Bírò yẹn kò yọ̀ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lẹ́yìn oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni mo tún ṣe lẹ́yìn oṣù méjì mìíràn.

Lẹ́yìn ìgò kẹta ni Dókítà fúnra rẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá. Kànga tó burú jù ló mú omi tó mọ́ jù jáde. Ó pe àwọn ará ilé, ó pe àwọn aládùúgbò, ó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn: "Màmá, ẹ máa mu ún. Ẹ má bẹ̀rù mọ́."

Ìyá wò mí, ó ṣẹ́jú sí mi. Lójú tirẹ̀, èmi àti òun ti jọ borí àwọn alákọ̀wé: amọ̀ tí a kò pààrọ̀ ló mọ́ jù. Mo dorí kodò. Wọ́n ní ọmọ náà nítìjú, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Títí di ìgbà yẹn, Ìyá Ráfíátù ṣì máa ń ra omi inú ọ̀rá mọ́ ti ìkòkò; láti ọjọ́ yẹn, kò rà á mọ́. Dókítà náà kò bu ìgò mọ́ ní ilé kankan, nítorí ohun tó ń wá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á máa fi àpò amọ̀ ránṣẹ́ sí onílé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ fúnra wọn.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí mo fi kúrò nílé.

Ọ̀nà tí mo gbà dé Ítálì, n kò ní sọ ọ́ níbí. Àwọn tó rìn ín mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí àwọn tí kò rìn ín fi ṣe ìtàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló gbà mí sílé, nínú ìlú kékeré kan lókè àríwá, níbi tí òkè wà yíká bíi ti Ọ̀kà, àfi pé yìnyín ló wà lórí tiwọn.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, ìkíni ni. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo pàdé ìyá àgbà kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí a ń gbé. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti na ọwọ́ kanlẹ̀ fún un. Ìyá náà fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì fara ti ògiri títí mo fi kọjá. Láti ìgbà náà, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí màá fi gbọ́ pé àtẹ̀gùn ti dákẹ́ kí n tó jáde. Oṣù karùn-ún ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kí mi, gbólóhùn kan péré, tó túmọ̀ sí ẹ káàárọ̀. Mo gbé gbólóhùn yẹn lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀ nílé. Ẹni tó ní ẹbí yí ara rẹ̀ ká lè máà mọ bí ìkíni kan ṣe ń pẹ́ tó lára èèyàn.

N kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìpè àdúrà ni aago mi ní Ìkàrẹ́. Mo ti mọ ohùn ládáàní tó wà nítòsí wa, mo mọ ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ń mú un. Níbí, fóònù mi ló ń jí mi, ohùn rẹ̀ kì í yí padà.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe awọ. Omi ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo níbẹ̀, omi náà kò sì gbọdọ̀ jáde bó ṣe wà. Ó gbọ́dọ̀ gba inú táǹkì ńlá mẹ́rin kọjá. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ìdérí táǹkì, tí mo rí ohun tó wà nínú rẹ̀, mo dá a mọ̀. Wẹ́wẹ́ ni, ó dúdú díẹ̀, bíi gàrí tí kò kúnná. Wọ́n ní amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n Fàtáì, ará Kétu. Yorùbá rẹ̀ kò dà bí tèmi, ó sì máa ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹni tó ń gun òkè ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ pè mí ní àbúrò, mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní Ìkàrẹ́, ará Ọ̀kà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ọlọ́kadà lè gbé èèyàn láti ibì kan dé èkejì kí ìtàn tó ń sọ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ní Ítálì, ará Áfíríkà ni mí. Orúkọ ìlú ń fẹ̀ sí i, èèyàn fúnra rẹ̀ ń kéré sí i.

Aṣọ funfun tó bò wá láti orí dé ẹsẹ̀ ni a máa ń wọ̀ kó tó di pé a kó amọ̀ náà jáde, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjìméjì àti ìbòmú tí kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa. Inú àpò tí wọ́n ya agbárí sí lára ni a ń kó o sí. Mo bi ẹ̀gbọ́n Fàtáì pé kí ló dé tí wọ́n ń yára kó o jáde tó báyìí, ṣebí omi tó ń jáde ṣì mọ́.

"Mímọ́ wo? Ojú lo fi ń wò ó," ó ní. "Nǹkan yìí ń jẹun ni. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́. Tó bá ti yó, tí o kò kó o kúrò, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bì í padà ni. Èébì rẹ̀ burú ju omi tó o dà sí i lọ."

Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí n mú ṣọ́bìrì.

Dókítà ti sọ fún wa pé ihò máa ń kún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ń bì, àbí ó sọ ọ́, tí n kò fetí sílẹ̀. N kò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dúró nínú táǹkì yẹn, nínú aṣọ funfun, ojú Ìyá Ráfíátù tó ṣẹ́ sí mi sì wà níwájú mi.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ọ̀sán ni mo máa ń pè é. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ìyá kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run: Ráfíátù ti lóyún, lẹ́yìn ọdún méje nílé ọkọ. Ó ti wà lọ́dọ̀ òun báyìí kó lè sinmi. Ó fi fóònù sí gbangba kí Àǹtí Ráfíátù lè kí mi. Àǹtí sọ pé Màmá kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, pé òun ti di ìyàwó ọba.

"Omi ìkòkò wa nìkan ló ń mu," Ìyá ní. "Wọ́n gbé àpò amọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi àti ìwọ ṣáà mọ̀ pé ìkòkò wa kò nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn náà sì jẹ́rìí sí i."

Níbẹ̀ ló ti yé mi pé mo ti ṣe ju ọ̀lẹ lọ. Irọ́ tí mo kọ sára ìgò ló di ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé mi ò pààrọ̀ amọ̀, ó gbọ́ tí Dókítà sọ pé omi rẹ̀ mọ́ jù, kí ni ì bá mú kó tún gbàgbọ́ pé ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀?

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Àǹtí máa mu omi inú ọ̀rá."

"Nítorí kí ni?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Òyìnbó ti sọ mí dà, pé láìpẹ́ màá ní kí wọ́n máa fi omi inú ọ̀rá wẹ̀. Àǹtí Ráfíátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò pẹ́. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn lọ. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni mo ń pè, tí mo ń béèrè àlàáfíà, tí n kò sì sọ ọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n á bẹ̀rù lásán, pé ìkómọ ti ń bọ̀, pé nígbà tí wọ́n bá bímọ tán màá sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ kì í wá ìdí tì.

Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mú ìwé wá pé kí á fọwọ́ sí i pé a ti kó amọ̀ táǹkì kẹta jáde. A kò tíì kó o. Ẹ̀gbọ́n Fàtáì fọwọ́ sí i, ó na bírò sí mi. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà wò mí, ó mú ìwé rẹ̀ lọ, a sì kó amọ̀ náà jáde lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n Fàtáì bi mí pé ta ni mo ń ṣe mímọ́ fún, ṣé màá mú mímọ́ lọ ra búrẹ́dì ni. N kò bá a jà. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo ń súfèé lórí kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo ń ṣan ìrẹsì tí mo fẹ́ sè ni súfèé náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Ibi tí n kò ti mọ ẹnikẹ́ni tó máa mu omi náà ni mo ti wá di akínkanjú.

Oyún Àǹtí Ráfíátù bàjẹ́ nígbà tó wọ oṣù kẹfà. Ìyá ló pè mí, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, mo sì ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ibùdókọ̀ ni mo wà, mo gbé búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ní Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run ló gbà á. Ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí jù, torí mo wà nílẹ̀ àjèjì. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní Ráfíátù kò jẹun, omi nìkan ló ń mu, òun ń fún un ní omi tútù inú ìkòkò kí ara rẹ̀ lè balẹ̀.

Bọ́ọ̀sì méjì kọjá lójú mi. N kò pe Ìyá padà. Dókítà ni mo pè, torí ó rọrùn láti jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ju láti jẹ́wọ́ fún ìyá lọ.

Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn mi. Ó béèrè òtútù. Mo ní, "Mà, n kò pààrọ̀ amọ̀ Ìyá Ráfíátù mọ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Omi ilé tísà ni mo ń bù sínú ìgò wọn."

Mo ń gbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nítòsí rẹ̀.

"Ìgò mélòó?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ṣé wọ́n ṣì ń mu ún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa fóònù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé Ìkàrẹ́, tó gbé ìkòkò náà, àtòkè àtìsàlẹ̀, sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó pè mí. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, kò bú mi. Ó ní òògùn tó wà nínú omi tó ń kán láti inú amọ̀ yẹn ju èyí tó wà nínú kànga lọ. Mo bi í pé ṣé òun ló ba oyún Àǹtí Ráfíátù jẹ́.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Oyún máa ń bàjẹ́ lára ẹni tí kò mu omi kànga rí. Ohun tó wà nínú omi náà ní gbogbo oṣù tó fi ń mu ún, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ìgò ló yẹ kó sọ fún mi kó tó dé ibẹ̀ rárá, ìwọ lo sì bu omi ẹlòmíràn sí i. Mo ti kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí mo fi iṣẹ́ yẹn hàn pé kí wọ́n fagi lé e. Mo sọ fún Màmá pé ìkòkò náà kò dára mọ́, pé kí wọ́n má mu omi kànga yẹn. Wọ́n bi mí nídìí, mi ò sọ. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ó ní ó dàbọ̀, ó pa fóònù.

Ìyá Ráfíátù kò dárí jì í. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Dókítà gbé ìkòkò náà lọ, òun ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ṣebí obìnrin yìí kan náà ló dúró níwájú gbogbo àdúgbò tó ní omi òun mọ́ jù? Èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni irọ́? Ó ní ó rí i pé mi ò sí nílé mọ́ ló jẹ́ kó wá fi ọwọ́ agbára gbé ìkòkò òun, nígbà tí òkú ọmọ ṣì tutù. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé pé bí Dókítà bá tún ya ọ̀dọ̀ àwọn, kí wọ́n má fún un ní àga. Ó ní kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀, torí èmi ni mo mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò náà.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Ó ní kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ṣé èmi ni mo gbé e?

Lóṣù tó kọjá, Àǹtí Ráfíátù fúnra rẹ̀ pè mí. Kò pè mí rí. Ó ti padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè iṣẹ́, ó sì wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Àbúrò mi," ó ní, "lọ́jọ́ tí Màmá fi fóònù sí gbangba, ìwọ ló sọ pé kí n máa mu omi inú ọ̀rá. A fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Kí lo mọ̀?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, n kò gbọ́ ọ dáadáa, màá pè é padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó ní kò burú, òun á máa retí mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ìgò mẹ́ta ni, àti orúkọ ìyá rẹ̀ tí mo kọ sára wọn. Mo ti sọ ọ́ fún Dókítà, mo sì ti wá kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin tí n kò mọ̀ rí. Àǹtí Ráfíátù, tó bi mí tààrà, tó sì ní ẹ̀tọ́ sí i ju gbogbo yín lọ, ni n kò tíì dá lóhùn.